Sapara Williams, Lọ́yà Àkọ́kọ́ Nílẹ̀ Wa



Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi dìde lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sọ iṣẹ́ tí bàbá tàbí ìyá wọn ń ṣe, ní Yorùbá, láì fi Gẹ̀ẹ́sì kún un. A gbọ́ nọ́ọ̀sì bíi mẹ́jọ (Houston ni, kí lẹ rò?), a gbọ́ apòògùn, a gbọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ epo rọ̀bì. Ó wá kan ọmọkùnrin kan. Ó ní lọ́yà ni bàbá òun. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní àmọ́ ní Nàìjíríà ni o, pé níbí, ọkọ̀ ni wọ́n ṣì ń wà ná. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mi ò bá wọn jà, ọmọdé ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú ọmọ náà kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi délé.

Nọ́ọ̀sì ni èmi fúnra mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, ìwé àṣẹ tí mo fi ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà wà nínú báàgì mi, mo ti fi ọ̀rá wé e kí omi má bàa kàn án. Ìwé gidi ni, àmọ́ ní Texas mi ò lè fi fún aláìsàn ní oògùn orí fífọ́ lásán. Àfìgbà tí mo tún ìdánwò ṣe, tí àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ìpínlẹ̀ yìí kọ orúkọ mi sínú ìwé tiwọn. Nítorí náà mo mọ̀ pé bàbá ọmọ yẹn kò tíì dẹ́kun láti jẹ́ lọ́yà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ta ló ń fúnni níwèé, ta ló sì lè gbà á padà? Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo ti rántí ọkùnrin kan tí irú rẹ̀ ṣe ní nǹkan bí ogóje ọdún sẹ́yìn, ẹni tí wọ́n máa ń ti orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá ń ka àwọn lọ́yà ilẹ̀ wa.

Christopher Alexander Sapara Williams ni orúkọ rẹ̀. Freetown, ní ilẹ̀ Sàró, ni wọ́n ti bí i, ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 1855. Ìjẹ̀ṣà ni bàbá rẹ̀, Ẹ̀gbá ni ìyá rẹ̀. Báwo ni Ìjẹ̀ṣà àti Ẹ̀gbá ṣe wá pàdé níbi tó jìnnà bẹ́ẹ̀? Ogun àti òwò ẹrú ló fà á. Wọ́n ń mú àwọn èèyàn wa lẹ́rú, wọ́n ń kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá ń dá àwọn ọkọ̀ ẹrú náà dúró lójú òkun, wọ́n sì ń sọ àwọn tó wà nínú wọn kalẹ̀ sí Freetown, wọ́n á di òmìnira. Bí Yorùbá ṣe pọ̀ níbẹ̀ nìyẹn, tí wọ́n ń bímọ, tí wọ́n ń fi ọmọ sílé ìwé àwọn míṣọ́nnárì. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ wọn padà wá sí Èkó. Àwọn àti àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ń pè ní Sàró títí dòní.

Ẹ wo orúkọ rẹ̀ dáadáa. Orúkọ òyìnbó méjì níwájú, Sapara láàárín, Williams lẹ́yìn. Ó jọ ti ọ̀pọ̀ nínú yín, àbí? Àbúrò rẹ̀, Ògúntọ́lá, tó di dókítà, ju Williams nù ní tirẹ̀, Sapara nìkan ló ń jẹ́. Ó ní àsìkò kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ń pa orúkọ dà bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń gbé orúkọ òyìnbó jù sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀ di méjèèjì mú. (Ìtàn dókítà náà dùn púpọ̀, ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀.)

Sapara Williams lọ sí London, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ òfin ní Inner Temple. Ẹ fara balẹ̀ níbí díẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kì í ṣe gómìnà ló ń sọ èèyàn di lọ́yà tó lè dìde sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́, kì í sì í ṣe yunifásítì. Ẹgbẹ́ ni. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló wà: Inner Temple, Middle Temple, Lincoln's Inn àti Gray's Inn, wọ́n sì ti dàgbà gan-an. Nígbà náà, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ wọ ọ̀kan nínú wọn, ó gbọ́dọ̀ kàwé, ó sì gbọ́dọ̀ máa wá jẹun alẹ́ nínú gbọ̀ngàn wọn láàárín àwọn àgbà ẹgbẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni, bí o kò bá jẹun yẹn pé, wọn kò ní pè ọ́. Bí ó bá yege, ẹgbẹ́ náà ni yóò pè é. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 1879 ni wọ́n pe Sapara Williams. Ọmọ ọdún 24 ni. Ní àsìkò yẹn gan-an, ogun Kírìjì ń lọ lọ́wọ́ nílé, àwọn Ìjẹ̀ṣà, èèyàn bàbá rẹ̀, àti àwọn Èkìtì dojú kọ Ìbàdàn. Òun ni ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tí wọ́n pè bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1888 ló tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́yà l'Ékòó. Ìwé London nìkan kò sì tó. Adájọ́ àgbà gbọ́dọ̀ gbà á wọlé, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kóòtù Èkó, kó tó lè gba ẹjọ́ ẹnikẹ́ni rò. Ìwọ ọmọkùnrin kíláàsì mi, ṣé o gbọ́? Lọ́yà àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa náà gbé ìwé tó gbà níbòmíràn lọ síwájú ẹlòmíràn kí wọ́n tó jẹ́ kó ṣiṣẹ́.

Nígbà tó débẹ̀, ó bá àwọn mìíràn lẹ́nu iṣẹ́ náà, tí púpọ̀ nínú wọn kò kọ́ òfin rárá ní ilé ẹ̀kọ́ kankan. Òfin tí ìjọba ṣe ní 1876 ló ṣí ilẹ̀kùn fún wọn. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ni. Ti àkọ́kọ́ wà fún àwọn tí wọ́n ti pè ní England tàbí Ireland. Ìkejì wà fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ lọ́yà fún ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n lọ́yà ò pọ̀, ẹjọ́ sì pọ̀ bí yanrìn, ni wọ́n bá ṣí ìkẹta: ẹni tó bá mọ̀wé díẹ̀, tó sì gbọ́ òfin Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, adájọ́ àgbà lè fún un níwèé àṣẹ pé kó máa gba ẹjọ́ rò. Oṣù mẹ́fà péré ni ìwé náà ń lò. Bó bá pé oṣù mẹ́fà, o tún máa padà lọ tọrọ òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká rò ó wò. Ká ní ìwọ ni oníwèé oṣù mẹ́fà. Obìnrin kan wá bá ọ, ó ní ìjọba gba ilẹ̀ bàbá òun láì san nǹkan kan. Ẹjọ́ rẹ̀ dáa. Ìjọba lo máa bá rojọ́, adájọ́ tí ìjọba gbà síṣẹ́ ló máa gbọ́ ẹjọ́ náà, ọ̀gá àwọn adájọ́ yìí ló sì máa sọ lóṣù tó ń bọ̀ bóyá wàá tún rí ìwé gbà tàbí o ò ní rí i. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú rẹ lo máa lè sọ? Ó ṣeé ṣe kí o sọ ọ́. Àwọn onígboyà wà nínú wọn, mi ò ní parọ́ mọ́ òkú. Àmọ́ oṣù kẹfà yẹn á máa wá sí ọ lọ́kàn.

Ti Sapara Williams yàtọ̀. Bí ó bá hùwà àbùkù, wọ́n lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí ìwé rẹ̀ ń kú fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó sì pè é wà ní London, gómìnà Èkó kò lè pàṣẹ fún wọn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó máa wúlò níwájú.

Ìwé London nìkan kọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí. Ohun tí wọ́n fi ń yìn ín jù ni pé ó mọ òfin ìbílẹ̀ dunjú, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Òfin Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ìwé, tiwa wà lẹ́nu àwọn àgbà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Lọ́dọ̀ Yorùbá, ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Olórí ẹbí ló ń bójú tó o, ṣùgbọ́n òun nìkan kò gbọ́dọ̀ dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ẹbí lọ́wọ́ sí i. Adájọ́ tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, níbi tí ẹnì kan ṣoṣo ti lè ni ilẹ̀ kó sì tà á bó bá ṣe wù ú, ibo ló ti fẹ́ mọ ìyẹn? Àfi kí lọ́yà tó gbọ́ méjèèjì là á yé e. Bí lọ́yà kò bá lè là á yé e, ilẹ̀ tí bàbá ńlá fi sílẹ̀ lè lọ sọ́wọ́ àjèjì ní ọ̀sán kan, torí pé ọmọ kan nínú ẹbí fọwọ́ sí ìwé.

Ní ọdún 1900 ó di alága ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, ipò yẹn ló sì wà títí tó fi kú. Ẹgbẹ́ yẹn ni a mọ̀ sí NBA lónìí. Bí ẹ bá wo àkọsílẹ̀ àwọn tó ti ṣe olórí rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Ẹ tún wo ọdún yẹn o. Wọn kò tíì so Àríwá àti Gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà, ó ku ọdún mẹ́rìnlá. Kì í ṣe òfin ìjọba ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Àwọn lọ́yà fúnra wọn ni.

Kì í ṣe nǹkan tuntun lójú Yorùbá. Alágbẹ̀dẹ ní ẹgbẹ́, aláṣọ òkè ní ẹgbẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ kí ìyá àgbà nílé, ẹ lè ti rí ibi tí ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ti ń gba fìríídọ̀ọ̀mù: ọ̀gá rẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọ̀gá yòókù wà níbẹ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á fún un ní síṣọ́ọ̀sì, gbogbo ìlú á sì mọ̀ pé ó ti di ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó lọ bi ìjọba. Ṣùgbọ́n lọ́yà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí ilé ìjọba ni kóòtù. O nílò ìjọba kí o tó wọlé, o sì nílò ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ bí ó bá di pé ìjọba yẹn gan-an lo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1901, wọ́n yàn án sí ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó. Ẹ má rò pé ìbò ni. Gómìnà ló ń mú àwọn ọmọ ilẹ̀ bíi mélòó kan síbẹ̀, àwọn òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba ló sì pọ̀ jù lórí ìjókòó. Ní 1903, ọ̀rọ̀ owó bodè dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn ọba ń gba owó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tó ń kọjá, wọn kì í gba ti òyìnbó. Gómìnà MacGregor béèrè èrò òun, Charles Joseph George àti Dókítà Obadiah Johnson, ẹni tó ṣètò ìwé ìtàn Yorùbá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Samuel Johnson kọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní kí wọ́n má fọwọ́ kan owó bodè, kí inú àwọn ọba má bàa bàjẹ́. Bóyá wọ́n tọ̀nà. Èmi o, mo máa ń ro ti ìyá oníṣòwò tó ru ẹrù dé ẹnubodè, tó tún máa tú owó láti inú ìgbànú.

Ní 1904 ó dábàá pé kí wọ́n tún ààlà Àríwá àti Gúúsù pa, kí gbogbo àwọn tó ń sọ Yorùbá lè wà lábẹ́ ìjọba kan. Ìyẹn kò ṣẹ. Ní 1905 ó lọ sí England, ó sì bá àwọn tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wa níbẹ̀ sọ ọ́ pé kí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ l'Ékòó. Gómìnà Egerton kàn fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu fọwọ́ sí i ni.

Ọdún 1909 lọ̀rọ̀ wá le. Ìjọba gbé òfin kan wá pé ẹni tó bá kọ ohun tí àwọn kà sí ìdìtẹ̀, ìyà ni. Àwọn oníwèé ìròyìn Èkó ìgbà náà kì í gbé ọ̀rọ̀ mì, ẹnu wọn ni òfin náà fẹ́ pa dé. Ìjọba yìí kan náà ló fún Sapara Williams ní àga tó jókòó lé. Ó dìde lórí àga náà, ó ta ko òfin wọn. Ó rán wọn létí pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ò ní gbà á nílé tiwọn kí ẹnikẹ́ni gba òmìnira ìwé ìròyìn lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbọ́ ọ, àmọ́ wọ́n pọ̀ jù ú lọ. Òfin náà kọjá. Ní 1916, wọ́n ju James Bright Davies, àgbà oníwèé ìròyìn, sẹ́wọ̀n lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ nítorí ohun tó kọ.

Bí mo bá ń ka ibẹ̀, ìwé oṣù mẹ́fà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Wọ́n lè gba àga lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò lè torí ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀ gba iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè padà sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì kó máa gba ẹjọ́ rò.

Ní 1913 wọ́n ti ilẹ̀kùn kẹta, kò sí oníwèé oṣù mẹ́fà tuntun mọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tó kọ́ òfin nìkan ló ń wọlé. Inú mi dùn sí i, inú mi ò sì dùn tán, torí àwọn kan nínú àwọn èèyàn yẹn ló ń gbọ́ tálákà lóhùn.

Lẹ́yìn náà ni Lugard dé. Ní 1914, nígbà tó so Àríwá àti Gúúsù pọ̀, ó dá kóòtù kan sílẹ̀ fún àwọn ìlú tó wà lẹ́yìn Èkó, ó sì ní lọ́yà kankan kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀. Òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba ló máa jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í ṣe lọ́yà. Wọ́n lè gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn níbẹ̀, wọ́n sì lè dájọ́ ikú, kí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn má ní ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Wọn kò gba ìwé lọ́wọ́ lọ́yà kankan. Orúkọ wọn ṣì wà nínú ìwé adájọ́ àgbà. Wọ́n kàn ti ilẹ̀kùn kóòtù mọ́ ìwé náà ni. Àwọn lọ́yà Èkó pariwo, àwọn oníwèé ìròyìn pariwo, Lugard kò gbọ́. Ìlú bàbá Sapara Williams, Iléṣà, wà lára ibi tí òfin náà dé. Olórí gbogbo lọ́yà Èkó kò lè gba ẹjọ́ ẹbí ara rẹ̀ rò níbẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 1915, kò tíì pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Òfin Lugard yẹn wà nílẹ̀ títí di 1933 kí wọ́n tó yí i padà, tí lọ́yà fi lè wọ àwọn kóòtù ìlú òkè. Ní 1933 yìí kan náà, London pe Stella Thomas, obìnrin àkọ́kọ́ nínú àwọn lọ́yà ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ rántí orúkọ yẹn.

Ẹgbẹ́ tí Sapara Williams fi sílẹ̀, ìjọba ti wá mọ̀ ọ́n lábẹ́ òfin. Láti 1962, Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ lọ́yà, wọn ò nílò Inner Temple mọ́. Lọ́dọọdún, lọ́yà gbọ́dọ̀ san owó kan sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ kó tó lè gba ẹjọ́ rò, apá tó pọ̀ jù nínú owó náà sì ń lọ sọ́dọ̀ NBA. Ní Texas níbí náà, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti ìpínlẹ̀ ló ń fúnni níwèé àṣẹ, òfin 1939 sì sọ ọ́ di dandan kí gbogbo lọ́yà wà nínú State Bar of Texas.

Ṣùgbọ́n ti Houston ní ìtàn tirẹ̀. Heman Sweatt, tó ń pín lẹ́tà nílùú wa yìí, fẹ́ kọ́ òfin ní yunifásítì tó wà l'Austin, wọn ò gbà á torí àwọ̀ rẹ̀. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù títí dé Washington, ó sì borí ní 1950. Láyé ìgbà náà, bí aláwọ̀ dúdú bá tiẹ̀ gba ìwé àṣẹ tán, ìwé kan náà pẹ̀lú ti òyìnbó, ẹgbẹ́ lọ́yà ìlú kò jẹ́ kó wọlé. Ní 1955 wọ́n dá tiwọn sílẹ̀, Houston Lawyers Association. Wọ́n ṣì wà síbẹ̀.

Mo sọ ìtàn yìí ní kíláàsì ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo dé ibi tí Sapara Williams ti gbé ìwé London rẹ̀ lọ bá adájọ́ àgbà Èkó, ọmọkùnrin náà nawọ́ sókè. Ó ní orúkọ bàbá òun náà wà nínú ìwé kóòtù l'Ábújá, ó ní nọ́ńbà. Mo bi í pé ìgbà wo ni ìdánwò tibí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni wọ́n ń ṣe é ní Texas, ní oṣù Kejì àti oṣù Keje. Ó ní ti oṣù Keje ni bàbá òun máa ṣe, pé bí wọ́n bá ti wa ọkọ̀ wọlé lálẹ́, wọ́n máa ń kàwé títí di aago méjì òru nídìí tábìlì ìjẹun, òun ló sì máa ń bá wọn di káàdì ìbéèrè mú.